Alágbàfọ̀ Tí Wọ́n Kọ́ ní Eré Ọmọdé

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ló ń fọ̀, aṣọ náà ló ń lọ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà níbẹ̀ tó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò, áyọ́ọ̀nù ńlá kan, àti okùn tí aṣọ àwọn oníbàárà ń rọ̀ sí lórí hángà. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára,” èsì kan náà ló máa ń fún wọn: “Kò burú, ṣùgbọ́n aṣọ ò gbọdọ̀ rún.” Bó ṣe di Ò-Gbọdọ̀-Rún mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tí ìyá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Tíńtín, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ nígbà tó pé ọdún méje.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé wà ní ìsinmi. Ò-Gbọdọ̀-Rún wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan sáré wọlé, tó ń mí gúlegúle, tó ní, “Ilé yín! Ilé yín ti wó!” Ó yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná kó tó jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó máa ń ṣe é ní kàyéfì pé òun dúró yọ wáyà.

Ilé alájà mẹ́ta náà ti di òkìtì. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wa á. Wọ́n gbé Tíńtín jáde lábẹ́ tábìlì ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ojú rẹ̀ funfun fún eruku bí ẹni tó kó sínú ìyẹ̀fun. Ìyá rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀ níbẹ̀, ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Òun ò jáde láàyè.

Wọ́n sin òkú. Àwọn èèyàn wá, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, ó sì bá wọn gbé àga padà síbi tí wọ́n ti yá a. Kò sunkún. Ńṣe ló rí bí ẹni tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé ẹnu òun wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ kàn án, ẹnu ò sì mọ̀ pé ọwọ́ kan òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà wọ́n sílé. Opó ni, ó ń rán aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ó ní yàrá méjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò sí àjà kankan lórí wọn, páànù nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún Tíńtín, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń bá ọmọ náà lábẹ́ tábìlì tó ká ara rẹ̀ jọ bí ìgbín. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lóde tí gíláàsì fèrèsé mì, á fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Kò gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìyá rẹ̀, á kọjú sí ògiri, á máa wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé lára rẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi parí, Ò-Gbọdọ̀-Rún mú un lọ síléèwé. Kíláàsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíńtín dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, títí ìtọ̀ fi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tíṣà ní kí bàbá rẹ̀ máa mú un lọ sílé ná. Ó mú un lọ sílé. Ó fọ aṣọ iléèwé náà, ó lọ̀ ọ́, ó fi kọ́, aṣọ náà sì wà lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ife tíì síwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í.

“Àbúrò mi, bí àga lẹ̀yin méjèèjì ṣe ń gbé inú ilé yìí. Bí mo bá gbá ilẹ̀, ńṣe ni mò ń gbá a yí yín ká.”

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìwọ ò tíì sunkún, o ò sì ríran. Nọ́ọ̀sì kan wà níbi iṣẹ́ wa, àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ńlá bà ló ń tọ́jú. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án.”

Bó ṣe sọ ọ́ náà ni. Lọ́jọ́ Ajé, Ò-Gbọdọ̀-Rún mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dé yàrá kan tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, tí apẹ̀rẹ̀ bèbí àti àwọn ìjókòó kúkúrú wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ti dàgbà, irun rẹ̀ funfun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bàtà rẹ̀ kì í dún. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nígbà tí Tíńtín ti jókòó sídìí apẹ̀rẹ̀, bàbá rẹ̀ béèrè bí ẹni tó gbé rédíò wá fún àtúnṣe, ó ní, “Aago mélòó ni kí n padà wá mú un, mà?”

“Mú un lọ síbo? Ẹ jókòó. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń retí.”

“Èmi?”

“Bàbá Tíńtín, wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì ni màá máa rí i. Ẹ̀yin lẹ ń rí i lójoojúmọ́. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló yẹ kí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Aṣọ nìkan ni mo mọ̀, mà.”

“Màá kọ́ yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àsìkò kan náà, kì báà jẹ́ pé ọba ló ń bọ̀ wá gba aṣọ. Ẹ ó tẹ́ ẹní, ẹ ó jókòó sílẹ̀, òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá. Ẹ ò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ ò ní bá a wí, ẹ ò sì ní béèrè ìbéèrè. Ohun tó bá ń ṣe ni kí ẹ máa sọ jáde, kó lè mọ̀ pé ojú yín wà lára òun.”

“Wọ́n ní ìbéèrè kì í jẹ́ kéèyàn ṣìnà.”

“Ẹni tó ń lọ síbì kan nìyẹn. Ọmọ yín ò lọ sí ibì kankan, ó sá pamọ́ ni. Bí ẹ bá ń béèrè, á túbọ̀ sá.”

Ò-Gbọdọ̀-Rún wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. N kò mọ nǹkan kan lára. Bí igi ni mo rí.”

“Mo rí i bẹ́ẹ̀,” ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. “Igi náà máa ń ṣe ibòji. Ẹ ṣá rí i pé ẹ jókòó.”

Nítorí náà, ó kọ ọ́ sára páálí, ó gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pé ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, òun ò sí níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹní. Ó jókòó. Kò sí nǹkan ìṣeré púpọ̀ nílé, nítorí náà ó ti kó pẹ́ẹ̀gì aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó kún àpò kan, pẹ̀lú àwọn páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lé lórí. Tíńtín wò ó. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pẹ́ẹ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan.

“O mú pupa,” ni bàbá rẹ̀ wí. “O gbé e sílẹ̀. O tún mú pupa mìíràn. O mú búlúù. O wò ó, o gbé e padà. O tún ti mú pupa o.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú láti ìdáná bí ẹni tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò. “Ta ló wá gbá a sáwọ̀n nínú wọn?”

Tíńtín ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ igun ẹnu rẹ̀ kan mì. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n lọ, bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀: igun ẹnu òsì, ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá Nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀ tọkàntọkàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ náà fi páálí kọ́ ilé. Ó fi pẹ́ẹ̀gì mú un ní igun mẹ́rin, ó gbé bèbí kan sínú rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ wó o. Ó tún un kọ́, ó tún wó o. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó wu bàbá rẹ̀ láti sọ pé ó tó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lọ́hùn-ún dákẹ́ bíi yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Wọ́n sì ti sọ fún un pé kó má gba bèbí náà sílẹ̀ títí ọmọ á fi sọ pé kó gbà á. “Ilé wó,” ló ń wí. “Bèbí wà nísàlẹ̀. O tún ń kọ́ ọ. Ilé tún wó.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Tíńtín kó táwẹ́ẹ̀lì lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó na ṣíbí kan sí i.

“Dádì, ẹ wa ilẹ̀.”

Ó fi ṣíbí wa ilẹ̀. Kò yára. Ó ká táwẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó gbé páálí kúrò, títí ó fi kan bèbí. Tíńtín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára bèbí náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n to ẹ̀rù ọmọ náà bí a ṣe ń to àkàbà, èyí tó kéré jù nísàlẹ̀, èyí tó tóbi jù lókè. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn dé ìdajì. Kí wọ́n tì í pátápátá, kí wọ́n ka ogún. Kí ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án. Lókè pátápátá ni àtẹ̀gùn iléèwé wà. Ìka ọwọ́ ni Tíńtín fi ń sọ bí ẹ̀rù ṣe pọ̀ tó, ìka mẹ́wàá ni kì í ṣeé fara dà. Wọ́n kọ́ ọ láti máa mí bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Bàbá rẹ̀ á jókòó tì í, òun náà á máa fẹ́ tíì tí kò sí níbẹ̀, wọn ò sì ní dìde títí ìka á fi lọ sílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, ó di ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n a máa wí pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, Tíńtín á sì ní òun kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀.

Iṣẹ́ tó wá le jù ni ìtàn ọjọ́ náà. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, bàbá rẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́ fún, díẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yà á, kí wọ́n máa kọ ọ́. Orí páálí ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n lò. Tíńtín ń yàwòrán, bàbá rẹ̀ ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní tó fi máa ń kọ orúkọ oníbàárà. Páálí kìíní: Mọ́mì ń din ẹyin. Páálí kejì: ariwo. Páálí kẹta, ó fi kírẹ́yọ̀n dúdú kun gbogbo rẹ̀ títí kírẹ́yọ̀n fi ṣẹ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n dé páálí kẹrin. Oòrùn wọlé láti fèrèsé, ó tàn sí ẹsẹ̀ wọn.

“Mi ò rí Mọ́mì, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn wọn,” ni Tíńtín wí. “Wọ́n ní, ‘Tíńtín, bí mo bá ń pè ọ́, máa dá mi lóhùn.’ Wọ́n ń pè mí, mo ń dá wọn lóhùn. Ó pẹ́ gan-an.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Lẹ́yìn náà, mo sùn.”

Kálàmù dúró.

“Nígbà tí mo jí, wọn ò pè mí mọ́. Mo pè wọ́n, mo pè wọ́n. Dádì, ká ní mi ò sùn ni...”

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ ọdún méje ti fi ru ọ̀rọ̀ yìí kiri lábẹ́ tábìlì. Bàbá rẹ̀ rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ: kó má sáré sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun gbọ́. Ó kọ ọ́: *Mo sùn.* Ó ní, “O rò pé torí pé o sùn ni Mọ́mì fi kú.”

Tíńtín mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló nà.

“Ó dára. Dókítà tó yẹ Mọ́mì wò bá mi sọ̀rọ̀, n kò tíì sọ fún ọ rí. Ògiri ló bà á níkùn, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú lọ́hùn-ún níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Bó o bá sùn, á máa dà. Bó o bá jí, tó ò ń dáhùn, á máa dà. Ohùn rẹ kọ́ ló di Mọ́mì mú, Tíńtín. Kò sí ohùn tó lè dì í mú.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n ní kí n máa dáhùn?”

Kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ ohun tó rí. “Bóyá kó o lè mọ̀ pé o ò dá wà. Tàbí kí òun náà má bàa dá wà.”

“Ṣé wọ́n bínú pé mo sùn?”

“Nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, tó o bá ti sùn báyìí, Mọ́mì rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn bí olè. Bí mo bá wúkọ́, á jù mí ní pílò. Kò sí ọjọ́ kan tí oorun rẹ bí i nínú rí.”

Ọmọ náà wò ó lójú dáadáa, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò bóyá àbàwọ́n ti kúrò. “Ẹ kọ ìyẹn náà.”

Ó kọ ọ́, ti pílò àti gbogbo rẹ̀. Tíńtín ká ìka mẹ́ta sílẹ̀. Méje ṣẹ́kù. Nígbà náà ló tó sunkún, ẹkún gidi tí ikun ń bá a jáde, ó fi orí lé itan bàbá rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó wá omijé lójú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Nígbà tó yá, ó dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣẹ́ẹ̀tì funfun adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì dúró ń wò ó. Ó ń gbọ́ òórùn, ó ń rí èéfín. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó máa gbé e sókè, àmì áyọ́ọ̀nù ti hàn lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì ní àwọ̀ ilẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò jó aṣọ rí. Nígbà tí adájọ́ dé, kò pa irọ́ kankan fún un.

“Èmi ni mo jó o, sà. Mo ń wò ó títí ó fi jó.”

Adájọ́ yẹ ṣẹ́ẹ̀tì wò, ó yẹ ojú rẹ̀ náà wò. “Ò-Gbọdọ̀-Rún, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ máa lọ sílé. Aṣọ lásán ni.”

Ó sọ ọ́ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ìyá náà ò bá a wí, kò sì kí i kú oríire. Ó kọ nọ́ńbà yàrá kan sórí ìwé fún un, ó ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òbí, ní Ọjọ́bọ̀.

“Kí ni kí n bá a sọ, mà? Kò sí nǹkan kan nínú mi.”

“Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.”

Ó lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà ní, “Mo gbọ́,” wọ́n sì jókòó papọ̀ títí wákàtí fi pé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ.

Àtẹ̀gùn iléèwé jẹ́ méjìlélógún. Tíṣà gbà kí wọ́n máa wá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí èkíní ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń fẹ́ tíì wọn, agbálẹ̀ iléèwé sì ń gbá ilẹ̀ kọjá, kò béèrè nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n lò lórí ìkẹta. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ akẹ́rù kan da òkúta sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà iléèwé, ariwo náà sì mú Tíńtín sáré délé láìwo ẹ̀yìn. Ọjọ́ méjì ló fi wà lábẹ́ tábìlì. Ò-Gbọdọ̀-Rún rò pé gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹni tó ń gun àkàbà tí kì í yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n padà sórí èkíní. Wọ́n padà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọmọ náà jókòó sí kíláàsì rẹ̀ fún wákàtí méjì, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní ebi ń pa òun.

Ó ti ń lọ síléèwé déédéé nígbà tí ọ̀rọ̀ mílíìkì ṣẹlẹ̀. Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n lọ gbé agolo mílíìkì oníyẹ̀fun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti pọ́n ìdí rẹ̀ lá. Wọ́n pe Tíńtín. Funfun wà ní imú rẹ̀, ó wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Ológbò ni,” ló wí.

“Ológbò wo?” ni bàbá rẹ̀ béèrè.

“Ológbò ilé kejì.”

“Ológbò tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí agolo? Tó fi ṣíbí jẹ ẹ́? Tó tún wá nu ẹnu sí ọ lójú?”

“Ẹ̀yin kì í gbà mí gbọ́ rárá!” Tíńtín fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó bú sẹ́kún tí kò ní omi, ó sì jáde lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ omi, ó kẹ̀yìn sí ilé.

Ẹ̀gbọ́n fi etí aṣọ nu ojú, ejìká rẹ̀ ń mì, kò sì hàn bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ò-Gbọdọ̀-Rún dúró pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Ó ṣàkíyèsí pé inú ń bí òun, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ilé ti wó. Inú ń bí i gidigidi, nítorí mílíìkì. Ó gbóná ní àyà rẹ̀ níwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn náà ó lọ. Kò mọ ohun tó yẹ kí òun fi ṣe, nítorí náà ó yọjú sí ojú fèrèsé.

“Kí ológbò ilé kejì wá fọ agolo rẹ̀ o!”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Tíńtín tó wá. Ó ń kùn, ó ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gba agolo náà, ó sì fọ̀ ọ́.